Lẹ́tà Ṣíṣí sí Kọmíṣọ́nnà fún Ètò Ìlera: Salbutamol Nìkan Kò Tó, Ọkàn Àwọn Alásímà Ló Ń Fara Gbá A

Ọlọ́lá Jùlọ,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Apòògùn ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí ilé ìwòsàn ìjọba kan ní ìpínlẹ̀ yìí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kì í ṣe ilé ìwòsàn ẹyọ kan ni mo ní í bá wí. Bí alásímà bá dé ibẹ̀, ínhélà aláwọ̀ búlúù tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì Salbutamol, oògùn tó ń la ihò ẹ̀dọ̀fóró, ni wọn yóò fún un. Oògùn tó ń mú kí wíwú inú ẹ̀dọ̀fóró rọlẹ̀, ìyẹn ínhélà tó ní steroid nínú, kò sí lára oògùn tí wọ́n ń kó wọlé. Bí dókítà bá tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé, "ẹ lọ rà á níta" ni wọ́n máa ń sọ. Èmi ni mo wà ní ìta yẹn. Mo ń rí àwọn tó ń béèrè iye rẹ̀, tí wọ́n á dákẹ́ díẹ̀, tí wọ́n á sì ní kí n kúkú fún àwọn ní káàdì Salbutamol kan.

Ohun tí à ń ṣe yìí ń ba ọkàn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn jẹ́. Ó ti pẹ́ tí ayé ti mọ̀, kò sì yẹ kó jẹ́ àwa la ó máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n to ẹjọ́ mi lẹ́sẹẹsẹ.

1. Ọmọ ìyá kan náà ni Salbutamol àti adrenaline.

Adrenaline ni ara máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ẹ̀rù bá bà wá, tàbí tí a bá ń sá fún ewu. Ọkàn á máa sáré, ẹ̀jẹ̀ á ru sókè, ihò ẹ̀dọ̀fóró á là. Fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú ni a dá a fún, kì í ṣe fún àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Lára sẹ́ẹ̀lì wa, àwọn nǹkan tíntìntín kan wà tó ń gba àṣẹ adrenaline. Ẹ jẹ́ kí n máa pè wọ́n ní agbàṣẹ. Ní 1948, Raymond Ahlquist ní Amẹ́ríkà fi hàn pé oríṣi méjì ni wọ́n, álífà àti bẹ́tà. Ní 1967, Lands àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún pín bẹ́tà sí méjì: bẹ́tà kìíní, tó pọ̀ jù nínú ọkàn, àti bẹ́tà kejì, tó pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ni Salbutamol jáde sọ́jà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìrètí àwọn tó ṣe é ni pé ẹ̀dọ̀fóró nìkan ni yóò bá ṣiṣẹ́, tí yóò sì fi ọkàn sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Ìrètí náà ṣẹ dé àyè kan. Ṣùgbọ́n bẹ́tà kejì wà nínú ọkàn pẹ̀lú, ó sì wà lára iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí Salbutamol bá pọ̀ lára, iṣan ẹ̀jẹ̀ á tú sílẹ̀, ọkàn á sì ní láti sáré kí ẹ̀jẹ̀ lè máa dé ibi tó yẹ. Ó tún máa ń ti potassium láti inú ẹ̀jẹ̀ wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Bí potassium inú ẹ̀jẹ̀ bá sì lọ sílẹ̀ jù, ọkàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í lù ségesège.

Ìyá kan wà tó ń yan gàrí ní àdúgbò wa. Ó wọlé wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó gbé ínhélà rẹ̀ sí etí, ó ń mì ín bóyá ó ṣì ku díẹ̀ nínú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé kò lè ka owó tó fẹ́ san. Mo fi ìka lé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Orí ìjókòó ló wà, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ ń lù tó 130 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó ń lo tábúlẹ́ẹ̀tì 4 mg lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, ó sì tún ń fa ínhélà lé e. Mo ní kó jẹ́ kí n wo ìwé ilé ìwòsàn rẹ̀. Ojú ewé lórí ojú ewé, Salbutamol ni, kò sí ohun mìíràn.

Ọlọ́lá Jùlọ, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Fífà ínhélà búlúù lẹ́ẹ̀kan jẹ́ 100 máíkírógíráàmù. Tábúlẹ́ẹ̀tì 4 mg kan jẹ́ 4,000. Oògùn tó wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì kan tó ohun tí ènìyàn yóò fà ní ìgbà 40. Inú ẹ̀dọ̀fóró ni ti ínhélà ń lọ tààrà. Ikùn àti ẹ̀jẹ̀ ni ti tábúlẹ́ẹ̀tì ń gbà, kó tó kan ẹ̀dọ̀fóró ó ti dé ọkàn, ó ti dé iṣan ẹsẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe ìtọ́sọ́nà ìtọ́jú ásímà fún gbogbo àgbáyé, àwọn GINA, fi sọ pé kí a má fi tábúlẹ́ẹ̀tì ṣe é.

2. Adrenaline tí kò lọ bọ̀rọ̀ máa ń pa ẹran ọkàn, ó sì máa ń sọ iṣan ẹ̀jẹ̀ di líle.

Ọ̀rọ̀ yìí ti lé ní 100 ọdún. Ní 1903, Otto Josué ní Paris gún àwọn ehoro ní abẹ́rẹ́ adrenaline léraléra. Nígbà tó la inú wọn, ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn jáde ti bàjẹ́, ó ti le. Ní 1959, Rona àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Montreal fún àwọn eku ní isoprenaline, oògùn kan tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n Salbutamol. Ẹran ọkàn àwọn eku náà kú níbi púpọ̀, bí ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ọkàn mọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí iṣan ọkàn kankan tó dí. Ohun tó fà á ni pé wọ́n ń lé ọkàn ní eré tí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ kò tó fún, calcium sì ń ya wọ inú àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹran ọkàn tó bá kú kì í hù padà. Àpá ló máa ń gba ipò rẹ̀, àpá kì í sún kì bí ẹran, iná mànàmáná tó ń darí lílù ọkàn kì í sì í gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa.

Òótọ́ ni pé oògùn tí wọ́n fún àwọn ẹranko yẹn pọ̀ ju èyí tí ènìyàn ń lò lọ. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á bí ẹni pé fífà ínhélà lẹ́ẹ̀kan yóò pa òun. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ìbàjẹ́ ń gbà wọlé ni wọ́n fi hàn wá, a sì ti rí ọ̀nà kan náà lára ènìyàn. Àwọn tó ní kókó lórí kíndìnrín tó ń da adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́ máa ń ní ẹ̀jẹ̀ ríru burúkú, ẹran ọkàn wọn a máa nípọn, ọkàn ẹlòmíràn nínú wọn a sì dáṣẹ́ sílẹ̀.

Ohun tó yẹ kí gbogbo ilé ìwòsàn fi sọ́kàn jù lọ ni pé sẹ́ẹ̀lì kì í dúró kó máa gbọ́ ariwo kan náà títí. Bí àṣẹ bá pọ̀ jù, á bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn agbàṣẹ rẹ̀ wọlé. Iṣẹ́ Robert Lefkowitz àti Brian Kobilka lórí àwọn agbàṣẹ wọ̀nyí ló gba ẹ̀bùn Nobel ní 2012. Ní 1982, Michael Bristow àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọkàn àwọn ènìyàn tí ọkàn wọn ti ń kùnà wò, wọ́n sì rí i pé agbàṣẹ bẹ́tà wọn ti dín kù gan-an. Ara fúnra rẹ̀ ló ń sá pamọ́ fún adrenaline. Àwọn dókítà Sweden ti ṣe ohun tó dà bí òdìkejì ọgbọ́n ní 1975: wọ́n fún àwọn tí ọkàn wọn ti rẹ̀ ní oògùn tó ń dí ọ̀nà mọ́ adrenaline, ara àwọn aláìsàn náà sì ń yá. Nígbà tó di 1999, àwọn ìwádìí ńlá méjì, CIBIS-II àti MERIT-HF, fi hàn pé irú oògùn bẹ́ẹ̀ dín ikú kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Xamoterol, tó ń ta ọkàn jí bí adrenaline, ni wọ́n dán wò lára àwọn tí ọkàn wọn ti bàjẹ́ gan-an. Ní 1990, àwọn tó lò ó kú ju àwọn tí kò lò ó lọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkàn yẹn ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró pẹ̀lú. Ẹni tó bá ń lo Salbutamol lójoojúmọ́, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, agbára tí oògùn náà ní láti dáàbò bò ó á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Á wá máa fà á sí i. Ẹ̀dọ̀fóró kò gbọ́ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ọkàn ló wá ń gba gbogbo rẹ̀. Steroid tí à ń fà sínú ẹ̀dọ̀fóró máa ń mú kí àwọn agbàṣẹ náà padà jáde, ó sì máa ń wo wíwú tó fa àìlèmí gan-an. Òun sì ni kò sí ní ilé ìwòsàn yín.

3. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti fi ẹ̀mí ènìyàn kọ́ ẹ̀kọ́ yìí.

Láàárín ọdún 1960 sí 1969, ikú ásímà ṣàdédé pọ̀ sí i ní England, Wales, Scotland, Australia, New Zealand àti àwọn ilẹ̀ mélòó kan mìíràn. Àwọn ọ̀dọ́ ló pọ̀ nínú àwọn tó ń kú. Ínhélà isoprenaline kan wà lórí àtẹ nígbà náà tí agbára rẹ̀ tó ìlọ́po márùn-ún ti àtẹ̀yìnwá. Níbi tí wọn kò ti tà á, ikú kò pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1968, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ìwé dókítà nìkan ni a ó fi máa rà á, ikú sì lọ sílẹ̀. New Zealand kò sinmi: fenoterol, oògùn mìíràn nínú ìdílé yìí, dé ibẹ̀ ní 1976, ikú tún gbéra. Ní 1989, Crane àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ẹ̀rí jáde, ìjọba dín títa rẹ̀ kù, iye àwọn tó ń kú sì dín sí nǹkan bí ìdajì.

Àríyànjiyàn ṣì wà lórí bí ikú náà ṣe wáyé. Àwọn kan ní ọkàn ni oògùn náà pa. Àwọn mìíràn ní ìtura tó ń fúnni ló ń tan aláìsàn jẹ, tí wíwú inú ẹ̀dọ̀fóró fi ń burú sí i lábẹ́lẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Lójú tèmi, méjèèjì ló ń ṣẹlẹ̀: ọkàn tí wọ́n ti ń lé ní eré, nínú ara tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti ń tán lọ. Èyí tó wù kó jẹ́, ọ̀nà àbáyọ kan náà ló wà.

Ti ayé ìsinsìnyí náà wà níbẹ̀. Ní 2014, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹ ikú àwọn alásímà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú àwọn tó ń gba ínhélà ìtura, irú aláwọ̀ búlúù yẹn, 39 nínú 100 ló ti gbà ju 12 lọ láàárín ọdún kan ṣáájú ikú wọn. Ní Sweden, ìwádìí tó jáde ní 2020 lórí aláìsàn tó lé ní 365,000 fi hàn pé àwọn tó lo 11 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún kan wà nínú ewu ikú tó ju ìlọ́po méjì lọ ní ìfiwéra pẹ̀lú àwọn tí kò lò ju méjì lọ. Ẹni tí ásímà rẹ̀ le ló ń fa oògùn púpọ̀, mo mọ̀. Nítorí náà kì í ṣe oògùn nìkan la lè di ẹ̀bi rù. Ṣùgbọ́n ní 2019 ni GINA ti sọ ọ́ gbangba pé kí a má fi ínhélà ìtura nìkan tọ́jú àgbàlagbà kankan mọ́, bó ti wù kí ásímà rẹ̀ fúyẹ́ tó. Wàyí o, ẹ ka ọdún tó ti kọjá láti ìgbà náà, kí ẹ sì bi ilé oògùn àwọn ilé ìwòsàn yín léèrè ohun tó yí padà.

4. Kẹ́mísì ń fi ìdílé adrenaline tọ́jú ikọ́ àti ọ̀fìnkìn.

Ọmọdé wúkọ́, ọ̀rá kékeré kan á jáde, tábúlẹ́ẹ̀tì oríṣi mẹ́rin nínú rẹ̀ láìní orúkọ, Salbutamol á wà láàárín wọn. Ásímà ńkọ́? Ọmọ náà kò ní ásímà. Inú omi ikọ́ mìíràn pàápàá, ó wà níbẹ̀, lẹ́tà wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi kọ ọ́. Àwọn bàbá àti ìyá wa tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru tún ń lọ ra oògùn ọ̀fìnkìn tó ní pseudoephedrine. Oògùn yẹn ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ kí imú lè là, kì í ṣe iṣan imú nìkan ló sì ń fún. Amẹ́ríkà ní kí àwọn ilé iṣẹ́ yọ phenylpropanolamine, mọ̀lẹ́bí rẹ̀, kúrò lọ́jà ní oṣù kọkànlá 2000, nígbà tí ìwádìí ní Yale ti so ó pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ tó ń bẹ́ nínú ọpọlọ àwọn obìnrin. Ní 2004 wọ́n fòfin de ephedra, egbòogi kan tí irú oògùn ìdílé yìí wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń tà fún àwọn tó fẹ́ dín sísanra kù. Ilé ìwòsàn ń fún bàbá ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láàárọ̀, kẹ́mísì ń fún un ní ohun tó ń gbé e sókè nírọ̀lẹ́.

Mi ò bá àwọn oníkẹ́mísì jà. Àwọn ló wà nítòsí lóru tí ilé ìwòsàn ti jìnnà. Ta ló kọ́ wọn? Ta ló ń bẹ̀ wọ́n wò?

5. Ọ̀rọ̀ owó.

Mo mọ ohun tí wọn yóò sọ fún yín ní ọ́fíìsì: ínhélà onísteroid wọ́n. Ó wọ́n lóòótọ́. Láti oṣù kẹjọ 2023 tí GSK, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ínhélà, ti kéde pé àwọn ń palẹ̀ mọ́ ní Nàìjíríà, owó ínhélà ti gun òkè àjà. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó di ọ̀rọ̀ ìjọba. Ìwádìí tí Obianuju Ozoh àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2019 fojú bù ú pé nǹkan bí mílíọ̀nù 13 ènìyàn ló ní ásímà ní Nàìjíríà. Wọn kò lè fi owó gàrí dá ra ohun tí ìpínlẹ̀ lè rà lọ́pọ̀ yanturu. Ínhélà budesonide, tó jẹ́ steroid, àti èyí tó pa budesonide pọ̀ mọ́ formoterol, oògùn kan tó ń la ihò ẹ̀dọ̀fóró, méjèèjì ló wà nínú àkójọ oògùn kòṣeémánìí ti Àjọ Ìlera Àgbáyé. Èyí tó pa méjì pọ̀ yẹn lè jẹ́ ìtura àti ìdènà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi iye rẹ̀ wé owó afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, bẹ́ẹ̀dì wọ́ọ̀dù pàjáwìrì, àti ọjọ́ tí ìyá oníṣòwò kò lọ sọ́jà.

6. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín.

Kí oṣù mẹ́ta tó pé, kí ínhélà onísteroid kan, ó kéré tán, wà ní ilé oògùn gbogbo ilé ìwòsàn ìjọba ní ìpínlẹ̀ yìí, kí ètò adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ sì máa san owó rẹ̀. Èyí ni àkọ́kọ́, mi ò sì ní gbà kí wọ́n fi ìyókù dípò rẹ̀.

Kí àwọn ilé ìwòsàn yín dá kíkọ tábúlẹ́ẹ̀tì Salbutamol fún alásímà dúró níbi tí ínhélà bá ti wà. Ẹni tó bá ti gba ínhélà búlúù mẹ́ta láàárín ọdún kan, kí wọ́n pè é jókòó, kí wọ́n wo bó ṣe ń fà á, kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, kí wọ́n sì yí ìtọ́jú rẹ̀ padà. Káàdì ilé ìwòsàn lásán ti tó láti fi ka mẹ́ta.

Kí ẹ bá ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn oníkẹ́mísì níwèé àṣẹ ṣiṣẹ́, kí ẹ kọ́ wọn ní èdè Yorùbá, kí títa oògùn àpòpọ̀ inú ọ̀rá tí kò lórúkọ sì dópin. Kí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ra oògùn ọ̀fìnkìn bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru.

Kí ẹ máa ka ikú ásímà ní ìpínlẹ̀ yìí, kí ẹ máa kọ oògùn tí olóògbé ń lò sílẹ̀, kí ẹ sì máa gbé e jáde lọ́dọọdún.

Ẹ̀yin ará tó ń kà á, mo bẹ̀ yín: ẹ má torí lẹ́tà yìí ju ínhélà búlúù nù. Bí èémí bá há lójijì, òun ni yóò gba ẹ̀mí là kí ẹ tó dé ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá ń nílò rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀ kan, ẹ lọ bá dókítà, kí ẹ sì béèrè ínhélà ìdènà, ìyẹn onísteroid.

Ọlọ́lá Jùlọ, gbangba ni mo ti kọ̀wé yìí, gbangba ni mo sì ń retí èsì yín.

Èmi ni tiyín,
Apòògùn kan ní ìpínlẹ̀ yín.